Òróòro

Bí mo bá ń kun adìẹ lọ́mọdé ní Iléṣà,
ìyá mi a ní, "Rọra, má jẹ́ kí òróòro bẹ́.
Bó bá kán sí ẹran, ajá ló ni ín."
Mo ń rọra títí dòní,
àmọ́ òróòro ọ̀hún gan-an ni mo wá ń fowó rà.

Músẹ́ẹ̀dì alápatà, ní odò-ẹran Ilé-Ifẹ̀,
tò ó sínú ike fún mi,
àpò aláwọ̀ ewé mẹ́fà, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó ní, "Dókítà, kí lẹ fẹ́ fi ìkorò ṣe?"
Mo ní àpótí ni mo fẹ́ fi kàn.
Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpótí ni lóòótọ́.

Lẹ́tà kan wà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì.
Ó gùn bí okùn kànga, ó tín ju irun lọ,
òun ni bàbá àti ìyá fi ń kọ ọmọ.
Bí o bá jù ú sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìhòòhò,
wọn a ti já a jẹ kó tó dé ìkòríta.
Ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì pàápàá ò gbà á:
ọ̀rá ni ògiri ibẹ̀, ó ń tì í sẹ́yìn
bí ojú òòfà méjì tó jọra.
Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọlé.
Èmi ò fẹ́ kó lanu. Sẹ́ẹ̀lì tí ògiri rẹ̀ là, ó kú nìyẹn.
Mo fẹ́ kí ògiri rí aláǹgbá, kó pè é ní ọmọ ìyá.

Ìdí òróòro nìyẹn.
Òrùka mẹ́rin tó so kọ́ra nínú rẹ̀
wà nínú ọ̀rá ẹyin,
wọ́n wà nínú ògiri ọ̀hún fúnra rẹ̀.
Ara ti mọ̀ wọ́n láti inú oyún.
A so orí tó ń fa lẹ́tà mọ́ wọn níwájú,
a so ìrù ọ̀rá mọ́ wọn lẹ́yìn.
Ibi ìsopọ̀ ló ń gba oorun lójú mi:
bó bá le jù, á wọlé tán, kò ní tú ẹrù;
bó bá rọ̀ jù, á da ẹrù sójú títì.
Sẹ́ẹ̀lì a sì kọ́kọ́ gbé e mì
sínú ikùn kékeré kan tó kan bí omidùn,
ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti yọ kó tó dà.

Ìkíní pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú àwo.
Ìkẹrìnlá dì bí àdín nínú ọyẹ́.
Ìkọkàndínlógún, iná lọ láàárín òru,
yìnyín inú fírísà ń yọ́.
Àpọ̀nmádé tó ń bá mi ṣiṣẹ́
gbé òmíràn láti Máyífíà lórí ọ̀kadà,
ó ti ń ro tó, tó, tó sí i lẹ́sẹ̀ kó tó dé géètì.

Òru ọjọ́ náà ni àbúrò mi pè láti Iléṣà.
Ìbíyẹmí tún ti wà ní Wẹ́sílì,
ọmọ ọdún méje, eegun ń ké nínú rẹ̀.
Fòníkú-fọ̀ladìde: ta ló sọ àrùn lórúkọ báyìí?
Àṣìkọ kan ṣoṣo nínú lẹ́tà gígùn yẹn.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì ṣe tán ni?"
Mo bi í bóyá ọmọ ti mu omi.

Ìkẹtàlélógún, jíìnì tanátaná ni mo dì sínú rẹ̀,
kòkòrò tí a máa ń lé ká lẹ́yìnkùlé,
tí a ń há sínú ìgò oògùn ikọ́.
Mo pa iná yàrá.
Ẹ̀rọ ayàwòrán la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, mẹ́tàdínlógún tàn,
fírí,
bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún dákẹ́.

Kì í ṣe oògùn. Kò tíì kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ kankan.
Ọ̀nà tó gba Ọ̀ṣú lọ Iléṣà ò tó wákàtí kan;
tèmi yìí, n kò mọ bó ṣe gùn tó.
Àpọ̀nmádé ní kí n lọ sùn.
Mo pe Músẹ́ẹ̀dì kó tó dúńbú màlúù ìdájí:
"Bá mi tọ́jú mẹ́fà mìíràn.
Rọra yọ ọ́ o. Má jẹ́ kó bẹ́."